Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí gbígba orin àpàlà sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú Haruna Ishola, ni ẹgbẹ́ àpàlà wa wà. Ẹni tó ni sítúdíò ní ká wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá fi Auto-Tune, ètò orí kọ̀ǹpútà, tún ohùn mi ṣe. A dán an wò. Gbogbo ibi tí mo ti ń fa ohùn nínú oríkì ló gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó dùn mí gan-an. Onígángan ò rí ẹnu mi, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáhùn. Ṣùgbọ́n bá a bá jọ ṣe é pọ̀, àgídìgbo a bo ohùn mi mọ́lẹ̀. A gbé máìkì síwá sẹ́yìn, pàbó ló já sí. Báwo la ṣe lè jọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn mi ṣì yọ ketekete? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.