Kéèkì eléso Kérésì mi ti bọ́ sí i o

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo bèèrè ohun tó fà á tí gbogbo réésìnì inú kéèkì mi fi rì sísàlẹ̀, tí àárín rẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu.

Òótọ́ lẹ sọ: iná ló pọ̀ jù, omi ara èso sì pọ̀ jù. Tẹ́lẹ̀, tòun ti ọtí búráńdì tí mo fi rẹ ẹ́ ni mo ń dà á sínú bọ́tà àti ẹyin. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo wọ́n fúláwà díẹ̀ sí i lára kí n tó rò ó pọ̀. Mo tẹ́ bébà ní ìlọ́po méjì sínú páànù, mo fi ófùn sí 150°C, ó lo wákàtí 3 níbẹ̀. Igi tín-ín-rín tí mo kì bọ àárín rẹ̀, gbígbẹ ló jáde.

Nígbà tí mo gé e, réésìnì wà lókè, ó wà láàárín, ó wà nísàlẹ̀! Màmá mi jẹ ẹ̀là kan, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kéèkì ìgbéyàwó tàwọn ṣe rí. Omi bọ́ lójú mi.

Mo ti wé èyí tó kù, màá máa ta búráńdì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di Kérésì. Ẹ ṣé púpọ̀, ìbéèrè mi ti yanjú.