Bẹ́líìtì ogun bàbá àgbà: báwo ni mo ṣe lè nu idẹ rẹ̀?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá bàbá mi bá wọn jagun ní Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ohun tó kù nínú ẹrù ogun wọn ni bẹ́líìtì òwú líle kan àti àpò ọta méjì, irú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1937, tí àpò rẹ̀ fẹ̀ kó lè gba ọta ìbọn Bren (ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn Gẹ̀ẹ́sì). Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ti 1944 tó fúyẹ́ jù ú lọ fún ogun inú igbó. (Ẹrù yòókù ńkọ́? Orí ni àwọn alábàárù ẹgbẹ́ ogun 81, ti àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi ń rù ú!)

Idẹ bẹ́líìtì yìí ti dógùn-ún, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì ti ń ràn mọ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí kíkan rẹ̀ má lọ jẹ òwú. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. N kò jẹ́ kí omi kàn án, torí nọ́ńbà tí wọ́n fi tàdáwà kọ sẹ́yìn rẹ̀ ṣì hàn.

Kí ni mo lè fi nu idẹ náà tí kò ní ba aṣọ àti nọ́ńbà yẹn jẹ́? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.