Abẹ́rẹ́ ooru ń gòkè ní Ketu, ó ń rọlẹ̀ lórí Third Mainland: ṣé ká yọ tẹ́mósítáàtì?

Ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Camry 2008 ni ọkọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, ẹ́ńjìnnì 2.4, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ìkòròdú sí Victoria Island ló ń lọ, tó ń bọ̀, lójoojúmọ́.

Ní ìdájí tí Third Mainland ṣófo, abẹ́rẹ́ gééjì ooru kì í gòkè, ẹ̀gbẹ́ C (tútù) níbẹ̀ ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n tí a bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ketu tàbí Oworonshoki, kì í tó ogún ìṣẹ́jú tó fi ń kọjá ìdajì, tí á sì máa lọ sí H (gbígbóná). AC á wá máa fẹ́ ooru síni lójú. Bí ọ̀nà bá ti là, tí ọkọ̀ sáré díẹ̀, ó tún rọlẹ̀.

Iná ẹ́ńjìnnì, èyí tó yẹ́lò, ti tàn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Òmíràn tún wà tó dà bí bàtà ẹṣin, tó ní àmì ìyanu láàárín. Bí a bá sítáàtì ọkọ̀, á ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á tàn dúró.

Mẹkáníìkì ní ká yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn bálúù tó ń ṣí, tó ń dé ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, dànù, pé ilẹ̀ wa gbóná, ọkọ̀ ò nílò rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Òjò sì ti dé. Nínú àwọn iná yìí, èwo ni èèyàn lè gbé rìn, èwo ni kò ṣeé gbé rìn?

Rewáyà_Ládìípọ̀

Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹn fọwọ́ kan tẹ́mósítáàtì. Ọkọ̀ tó ń gbóná lójú kan, tó ń tutù bó bá ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, kò bèèrè fáànù. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó lè fa atẹ́gùn. AC tó ń fẹ́ ooru lásìkò kan náà tún jẹ́rìí sí i, torí fáànù yẹn kan náà ló ń mú kọ́ńdẹ́ńsà AC, irin iwájú rédíétọ̀ tó ń tu ooru AC dànù, tutù.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ sójú kan, ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ tan AC dé ibi tó tutù jù, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Fáànù méjèèjì tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ máa yí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, kódà bí wọn ò bá yí. Wọ́n lè gbéra lójijì.

Bí wọ́n bá dákẹ́, fíúùsì la kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà rílè (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù), nínú àpótí dúdú tó wà nítòsí bátìrì. Àwòrán abẹ́ ìdérí àpótí náà á fi èyí tó jẹ́ ti fáànù hàn yín. Ẹ yọ rílè náà, ẹ fi òmíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí fáànù bá yí, ẹ ti rí ọ̀daràn. Bí kò bá yí, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu fáànù, kí rewáyà fa iná láti orí bátìrì wá fún un tààrà, pẹ̀lú fíúùsì láàárín. Bó bá yí, mọ́tò rẹ̀ dára, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ló kù tí a ó máa wá. Bí kò bá tún yí, ẹ fi ìdí sùkúdírífà gbá ẹ̀yìn mọ́tò náà jẹ́jẹ́. Bó bá ta kìjí tó yí, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ má torí pé ó jí kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sí Victoria Island. Á tún kú, orí afárá ló sì máa ń kú sí.

Ẹ tún wo àárín rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà. Ẹrẹ̀, nọ́ílọ̀n píọ́wọ́tà, ìyẹ́ adìyẹ, gbogbo rẹ̀ ló máa ń há síbẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ẹ ti máa rọ omi síta, kí omi náà má le, torí èyí tó bá le jù á tẹ irin tín-ín-rín ojú rédíétọ̀ pọ̀.

Ní ti iná, àwọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó ka àwòrán. Bó bá pupa, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Bó bá yẹ́lò, ọkọ̀ ṣì lè rìn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti gbé e yẹn ti pọ̀. Àwọ̀ ewé àti búlúù, ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tàn ni. Yẹ́lò kan wà tó dà bíi pupa: iná ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣẹ́jú. Ó túmọ̀ sí pé púlọ́ọ̀gì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ò tanná, epo tí kò jóná ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó ń jó kátálísì ibẹ̀, ohun tó ń fọ èéfín mọ́. Ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á. Lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá fomi fọ ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ihò púlọ́ọ̀gì, omi máa ń dúró síbẹ̀.

Iná pupa tó dà bí kẹ́tùrù tí ọ́ìlì ń kán lẹ́nu rẹ̀ kò ní "ẹ jẹ́ ká délé ná". Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì káàkiri ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Irin ń ha irin. Ẹ pa á níbi tó wà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, ẹ tún fà á. Láti àmì ìsàlẹ̀ dé ti òkè, nǹkan bíi lítà kan ni. Ẹ́ńjìnnì 2AZ tó wà nínú ọkọ̀ yín yìí gbajúmọ̀ fún ọ́ìlì mímu, nítorí náà, ẹ máa wò ó ní Sátidé Sátidé.

Iná bátìrì, bẹ́ẹ̀tì tàbí ọ́tánétọ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà gbọ́dọ̀ ka bíi fóòtì (volt) 13.5 sí 14.5 lórí bátìrì. Bí a bá ti pa á tó sinmi, 12.6. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lórí ẹ́ńjìnnì yìí, bẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí ọ́tánétọ̀ àti pọ́ǹpù omi. Bí iná bátìrì bá tàn, tí abẹ́rẹ́ ooru sì ń gòkè lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀tì ti já. Ẹ dúró.

Iná bíréèkì pupa: ẹ wo hándbíréèkì ná. Bí ẹ bá ti tú u sílẹ̀, ẹ wo omi bíréèkì. Páàdì tó ti jẹ tán máa ń mú kó lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni jíjò, èyí tó burú jù. Iná ABS yẹ́lò nìkan, ìyẹn ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì, bíréèkì ṣì ń mú, àmọ́ táyà lè há nílẹ̀ tútù.

Ẹ wá ẹni tó ní sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn ọkọ̀. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ sítíárìn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní i. Ẹ kọ kóòdù náà síbí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn pa iná yẹn rẹ́ láì kọ kóòdù sílẹ̀.

Bàbá_Awakọ̀

Rewáyà ti sọ̀rọ̀. Kí fáànù tó di títúnṣe, bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè nígbà tí ẹ há, ẹ pa AC, ẹ yí ojú ooru sí gbígbóná jù, ẹ tan afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ dópin, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Á gbóná mọ́ yín, àmọ́ rédíétọ̀ kékeré ni híta yẹn, ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá wọ pupa, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ pa á, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ní bí àádọ́ta ìṣísẹ̀. 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó.

Ó kéré tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, kẹ́ ẹ sì fi àkísà nípọn dì í mú. Àwọn tó ń sáré gbé píọ́wọ́tà tútù dà sórí ẹ́ńjìnnì tó ń hó, owó gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa san.

Ọmọ_Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo tan AC bẹ́ ẹ ṣe wí: fáànù kan ń yí, èkejì ò mira. Nígbà tí a pààrọ̀ rílè rẹ̀, ó yí. Sikánà ka P0128. Mẹkáníìkì ní ó jẹ mọ́ ooru, pé ìdí nìyẹn tó fi ní ká yọ tẹ́mósítáàtì.

Rewáyà_Ládìípọ̀

Òdìkejì ohun tó ń wí ni P0128. Kóòdù yẹn ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ fi kún abẹ́rẹ́ tó ń wà ní C lórí afárá: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ tẹ́mósítáàtì yẹn tipẹ́, tàbí pé ó ti há ní ṣíṣí. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dúró kí ooru omi dé bíi 82°C kó tó ṣí ọ̀nà fún un. Bí kò bá sí, omi á máa sáré yí ká látàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á rò pé ìdájí ló ṣì jẹ́, á máa da epo tó pọ̀ sílẹ̀, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Ìyẹn nìkan ti ń jẹ owó epo yín.

Nítorí náà, àìsàn méjì ló wà lára rẹ̀: rílè tó kú àti tẹ́mósítáàtì tí kò sí. Ẹ jẹ́ kó tú ilé tẹ́mósítáàtì wò, kó rà tuntun pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Bí ẹ bá ń da omi padà, kúláǹtì (omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀) ni o. Omi ẹ̀rọ ń mú irin inú rédíétọ̀ dípẹtà. Bó bá jẹ́ ògidì ni ẹ rà, ìdajì òun, ìdajì omi dísítíìlì (distilled water), irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ rọra dà á kún, ẹ sítáàtì, ẹ tan híta dópin, kí ẹ máa fi kún un bí atẹ́gùn ti ń jáde, títí fáànù á fi yí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dé e lẹ́yìn náà.

Ìyá_Ìbejì_Ajah

Ti òjò ni tèmi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ná. Dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ni nọ́ńbà ńlá rẹ̀, kìlómítà ni àwọn kéékèèké. Ẹni tó bá rí 80 lórí nọ́ńbà ńlá ń sá eré kìlómítà 129 ní wákàtí kan. Kìlómítà 80, 50 ni lórí nọ́ńbà ńlá. Bí òjò bá ń rọ̀ dáadáa lórí afárá, 35 tó, pàápàá níbi irin ìsopọ̀ afárá, tó máa ń yọ̀ bí ilá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ló burú jù: ọ́ìlì àti eruku ojú títì á pò mọ́ omi díẹ̀ yẹn, á dà bí ọṣẹ. Bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá òpó kan, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin láìkánjú; bí ẹ bá dé òpó náà kẹ́ ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Bí sítíárìn bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà ti gun orí omi. Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má yí sítíárìn, ẹ kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Omi tó kún ojú ọ̀nà ní Ajah tàbí Ahmadu Bello Way, bó bá ti dé ìdajì táyà, ẹ yí padà. 30 sẹ̀ǹtímítà tó láti gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. Bí ó bá kéré sí i, ẹ pa AC, ẹ fi jíà sí L, ẹ máa lọ bákan náà láìdúró, ẹ má sì tẹ̀lé jíìpù tímọ́tímọ́, ìgbì rẹ̀ á wọ bọ́ńpà yín. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má tún un sítáàtì láéláé. Omi tó bá ti wọ sìlíńdà kò ṣeé tẹ̀ bí afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì ná. Bí ẹ bá jáde láyọ̀, ẹ tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta kó lè gbẹ.

Gíláàsì tó bá kún fún ìkùukùu, AC ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ darí rẹ̀ sí gíláàsì, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan tráfíkétọ̀ méjèèjì torí òjò. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní mọ̀ bóyá ẹ dúró ni tàbí ẹ fẹ́ yà. Iná iwájú, kó wo ilẹ̀, ló yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ọyẹ́. Fúlù láìtì á ta padà sójú yín.

Táyà_Mushin

Iná bàtà ẹṣin yẹn: bó bá tàn dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà kan ti lọ sílẹ̀. Bó bá ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú kan kó tó dúró, bíi tiyín, sẹ́ńsọ̀ inú táyà ló kú. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ kì í sábà kọjá ọdún mẹ́wàá. Ọkọ̀ á rìn, àmọ́ kò ní lè kìlọ̀ fún yín mọ́, nítorí náà, ẹ fi gééjì wọn táyà láàárọ̀ kí ó tó gbóná. Iye tó yẹ wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní 40 psi "kó lè pẹ́"; àárín táyà nìkan ló máa tẹlẹ̀, ìyẹn ò dára fún òjò.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára rẹ̀. 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ọmọ_Ìkòròdú

A tú ilé tẹ́mósítáàtì lónìí. Òfo ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ti ra tuntun àti rílè. Ṣé kí n ní kí wọ́n pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ báyìí?

Rewáyà_Ládìípọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí sikánà pa á báyìí, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bó bá padà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ wò. Ó máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí atẹ́gùn tó kù bá jáde, ẹ fi kún un. Bó bá tún lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń jò.

Ohun kan tún kù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, kẹ́ ẹ wo àwọn iná. Ti ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì, bátìrì, ABS àti airbag gbọ́dọ̀ tàn kí wọ́n tó kú. Ẹni tó yọ tẹ́mósítáàtì láì sọ fẹ́ni tó ń tà á fún lè ti lẹ téèpù dúdú mọ́ ẹ̀yìn iná airbag náà.