Aṣọ nẹ́ẹ̀tì tí mo rí nínú òkìríkà ní Kàbà: ṣé aṣọ oníjó ballet ni, àbí yẹ̀rì àtijọ́?

Aránṣọ Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Télọ̀ ni mí ní Kàbà, aṣọ àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀lé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ń rán jù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra ìdì òkìríkà kékeré kan, mo sì bá síkẹ́ẹ̀tì kan nínú rẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ìpele nẹ́ẹ̀tì méje ni ó ní, ó gùn dé agbedeméjì ojúgun, funfun rẹ̀ sì ti di àwọ̀ tíì tí a bu mílíìkì sí. Nẹ́ẹ̀tì náà kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Aṣọ òwú líle kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba ìbàdí mọ́ra, kí wọ́n tó so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kò ní síìpù. Ìlà húùkù méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ mẹ́ta sínú rẹ̀, wọ́n ti fa igi lé méjì lórí.

Aládùúgbò mi kan fẹ́ kí n gé e, kí n fi rán aṣọ ìyàwó kékeré fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó kan ní Mọ̀pà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé sísọ́ọ̀sì sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa aṣọ àtijọ́, kí ni ohun tí mo rà yìí, báwo ni mo sì ṣe lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gé e. Mo fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń rán aṣọ eré lókè òkun kí n tó padà wálé, ohun tí ẹ sì ṣàpèjúwe yìí jọ tutu, aṣọ tí àwọn obìnrin oníjó ballet, ijó orí ìtàgé ti àwọn ará Yúróòpù, máa ń wọ̀. Húùkù ìlà méjì àti àwọn orúkọ yẹn ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ eré máa ń ti ọ̀dọ̀ oníjó kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Bí ẹni tuntun bá sanra tàbí tó tín-ín-rín ju ẹni àná lọ, ìlà húùkù kejì ni wọn yóò fi dè é, wọn yóò sì fa igi lé orúkọ ẹni àná. Wọn kì í sábà fi síìpù sí i, nítorí pé bí síìpù bá já lórí ìtàgé, kò sí àtúnṣe mọ́.

Gígùn rẹ̀ náà ní ìtàn. Aṣọ wúwo tó gùn dé ilẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń jó lórí ìtàgé ní Yúróòpù tẹ́lẹ̀, kí oníjó kan tó ń jẹ́ Marie Camargo tó gé tirẹ̀ kúrú díẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kí àwọn èèyàn lè rí iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1832, oníjó mìíràn, Marie Taglioni, jó eré ballet kan tó ń jẹ́ La Sylphide ní Paris pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí bí agogo, tó mọ sí àárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Iwin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe nínú eré náà, aṣọ rẹ̀ sì ní láti rí bí ìkùukùu. Irú èyí gan-an ni tiyín jọ. Kí ẹ má gbàgbé pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun nẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, kí John Heathcoat tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní England ní 1809.

Ẹwà náà gba ẹ̀mí. Iná gáàsì ni wọ́n fi ń tan ìtàgé nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1862, Emma Livry, ẹni tí Taglioni fúnra rẹ̀ kọ́ ní ijó, wà lẹ́nu ìdánrawò ní Paris nígbà tí iná mú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí kí iná má baà tètè ràn án, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí aṣọ gan, kí funfun rẹ̀ sì ṣì, ọmọbìnrin náà sì kọ̀ láti wọ irú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi jẹ̀rora kí ó tó kú, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 21. N kò lè mú nẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kí n má rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn oníjó Ítálì bíi Virginia Zucchi, tó lọ jó ní Rọ́ṣíà ní àwọn ọdún 1880, ń gé síkẹ́ẹ̀tì kúrú sí i, títí a fi dé orí èyí tó nà gbọọrọ ní ìbàdí bí àwo, tí wọ́n máa ń ki wáyà sí nínú. Barbara Karinska, aránṣọ eré, yọ wáyà náà kúrò ní New York ní 1950, nítorí pé bí oníjó bá ti pọ̀ lórí ìtàgé, àwo á máa kọlu àwo.

Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi ojú rírán, kí ẹ ṣáná sí i lórí àwo irin. Bí ó bá jó bí bébà, tó sì di eérú rírọ̀, òwú ni. Bí ó bá ń rùn bí irun tó jóná, sílíìkì ni. Bí ó bá yọ́, tó sì ṣù di kóró líle, nylon tàbí irú fọ́nrán àtọwọ́dá mìíràn ni. Ilé-iṣẹ́ DuPont kéde nylon ní 1938, nítorí náà bí nẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ nylon, kò lè dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ìyá Mọ̀pà:
Ọmọ mi, ohunkóhun tó wù kó jẹ́, má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Èmi náà ra yẹ̀rì nẹ́ẹ̀tì kan rí, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì gbígbòòrò lẹ́yìn tí Christian Dior, aránṣọ ará Faransé, gbé àrà rẹ̀ jáde ní Paris ní 1947. Kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, nẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ irin, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ sì ti yọ lára rẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí o lò. Rọra máa tẹ̀ ẹ́ nínú omi, má fi ọwọ́ bó o, má fún un, kí o sì tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì níbi ibòji.

Ní ti gígé, èmi kò ní sọ pé èèwọ̀ ni. Ní Abùnú láyé àtijọ́, wọ́n máa ń tú òwú pupa kúrò lára aṣọ òkèèrè, kí wọ́n fi hun aṣọ ìpò tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n hun níyì ju ohun tí wọ́n tú lọ. Aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tí kò ní gba ara rẹ̀ mọ́ bí ọdún bá yí, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gé irú aṣọ yìí.

Aránṣọ Kàbà:
Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Ọmọ Ìsánlú, mo dúpẹ́. Mo ṣáná sí fọ́nrán méjì lálẹ́ àná: ti nẹ́ẹ̀tì yọ́, ó sì ṣù bí orí píìnì, ti aṣọ ìbàdí jó bí bébà. Mo ti wọn ìpele méjèèje, mo sì ti ya àwòrán bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ nínú, kí n lè fi nẹ́ẹ̀tì tuntun rán irú rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò mi. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rẹ ẹ́ sómi láàárọ̀ yìí, omi àkọ́kọ́ pọ́n bí omi àgbo, èkejì mọ́ díẹ̀, ẹ̀kẹta sì mọ́ gaara. Orúkọ kẹta kò parẹ́.