Ẹ sọ ìrírí yín: ṣé a ò ti fojú kéré Angra jù?

Ará Mọ̀ọ́rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín. Ìsọmọlórúkọ la lọ ní Lágeré. Àwa mẹ́rin tá a jọ fẹ́ràn orin onígìtá líle jókòó sídìí tábìlì kan, ọ̀rọ̀ bá di ti àwọn ẹgbẹ́ power metal, ìyẹn ẹ̀yà orin náà tó máa ń sáré gan-an, èwo ló mọ iṣẹ́ jù. Wọ́n dárúkọ Helloween, wọ́n dárúkọ Blind Guardian, wọ́n mú Stratovarius àti Sonata Arctica wá láti Finland. Èmi ní Angra ńkọ́? Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Àwọn ará Bùràsíìlì yẹn? Wọ́n ń gbìyànjú." Wọ́n ń gbìyànjú! Mo jẹ ìrẹsì yẹn tán, kò dùn lẹ́nu mi. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ wọn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe pàdé wọn fún wa, kí ẹ sì sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Tèmi rèé. Lọ́dún 2009, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, lójú ọ̀nà tó lọ sí géètì OAU. Àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré parí projẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó ń ka orí kẹta ìwé rẹ̀ fún mi, mò ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ gìtá tó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí n da fódà kan kọ látinú fíláàṣì òun. Holy Land lorúkọ rẹ̀, àwo tí Angra gbé jáde ní 1996. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fo ìkẹrin o."

Mi ò fò ó. "Carolina IV" ni wọ́n ń pè é, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ lálaalẹ́.

Màmá kan wà tó ń dín àkàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Wọn kì í dá sí orin mi, àfi tí wọ́n bá fẹ́ kí n dín in kù. Lọ́jọ́ kan, iná wà, mo gbé sípíkà sójú fèrèsé, ìkẹrin bẹ̀rẹ̀: ìlù, lẹ́yìn náà orin lédè Potogí. Màmá ti fi ṣíbí oníhò kó àkàrà kúrò nínú epo, àmọ́ wọn ò dà á sínú abọ́. Ọwọ́ wọn dúró sókè, epo ń kán tó, tó, tó padà sínú agbada. Wọ́n ní, "Yemọja ni wọ́n ń kí yẹn."

Mo ní, "Rárá, Màmá, òyìnbó ni wọ́n."

"Ṣé ìwọ lo máa fi Yemọja hàn mí ni? Tún un fi."

Mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹta ni etí mi tó là: Iemanjá. Bí ahọ́n Potogí ṣe yí i nìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ni, kò yingin. Gbogbo oṣù mẹ́ta tí mo fi ń kọ ọ́ tẹ̀lé wọn bí ayékòótọ́, orúkọ ilé wa ni mò ń pè, mi ò mọ̀. Àkàrà tó kù nínú epo ti ń dúdú. Màmá ò tiẹ̀ wò ó.

Ṣé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ la ó jókòó nílé Ifẹ̀ ká máa sọ pé ó ń gbìyànjú?

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n, ìrírí yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ mi ò bá yín dé ibi tí ẹ já a sí. Ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ ní Bùràsíìlì, tí àwọn ará Japan gbà tọwọ́tẹsẹ̀, ta ló fojú kéré rẹ̀? Àwa níbí la ò mọ̀ ọ́n, àìmọ̀ wa ò sì bù wọ́n kù. Pé wọ́n kí Yemọja nínú orin kan ò ní kí gìtá wọn ju ti ẹlòmíì lọ. Bó bá jẹ́ orúkọ òrìṣà la ó fi máa díwọ̀n orin, a ti fi orin sílẹ̀ nìyẹn.

Helloween ló kó sí mi lágbárí ní tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn ló fún mi ní apá kìíní àti apá kejì Keeper of the Seven Keys, ti 1987 àti ti 1988. Iléṣà ni mò ń gbé lọ́dún yẹn, Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ní ìdájí, màá wọ bọ́ọ̀sì, apá kìíní á máa dún sí mi létí títí a ó fi kọjá Òṣú. Bí mo bá ń padà nírọ̀lẹ́, apá kejì ló kàn. Ọdún yẹn náà ni ìyá mi kú. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mo kàn máa ń kọjú sí fèrèsé, kí n jẹ́ kí wọ́n máa bá mi pariwo rẹ̀.

Helloween, àwọn ọmọ Hamburg ní Jámánì yẹn, ló la ọ̀nà. Angra ò tíì sí láyé nígbà tí àwo méjèèjì yẹn jáde, 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní São Paulo. Angels Cry, àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde ní 1993, Jámánì kan náà ni wọ́n lọ gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá fetí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ ipasẹ̀ Helloween níbẹ̀. Ẹni tó la igbó àti ẹni tó gba ọ̀nà náà kọjá, ta ló yẹ ká kọ́kọ́ kí?

Alto Òkèrèwè

Ẹ ti sọ ti gìtá, ẹ ti sọ ti òrìṣà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọkùnrin tó ń kọrin náà. Andre Matos ni.

Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn ni mo mọ̀, ohùn ni mo sì fẹ́ sọ. Àbúrò mi ọkùnrin ló fi Angels Cry sí i nílé lọ́jọ́ Sátidé kan tí mò ń fọṣọ. Ó dé orí orin Kate Bush tí wọ́n tún kọ, "Wuthering Heights", orin tí obìnrin fi ohùn òkè tente kọ ní 1978. Mo ní obìnrin wo ni wọ́n gbà wọlé báyìí? Àbúrò mi ní ọkùnrin ni. A jiyàn títí ọṣẹ fi gbẹ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tó fi fọ́tò hàn mí, mo jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, mò ń wá ohùn yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò fipá fà á, kò ké. Ó ń gòkè bí ẹni tó mọ iye àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Ó kàwé orin, ó kọ́ bí a ṣe ń darí àwọn olórin, ó sì hàn.

Nípa Holy Land, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ti orin àkọ́kọ́. Ohùn ẹgbẹ́ akọrin ló ṣí àwo yẹn, iṣẹ́ Palestrina, ará Ítálì tó ń kọ orin ìjọ sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní ìjọ Àgùdà láyé àtijọ́. Àgùdà! Ẹ ronú sí orúkọ yẹn. Àwọn èèyàn wa tó ti Bùràsíìlì padà sí Èkó la ń pè bẹ́ẹ̀, ìjọ tí wọ́n gbé bọ̀ la sì fi orúkọ wọn pè. Lórí àwo yìí, ìjọ Àgùdà ló kọ́kọ́ wọlé, tó bá wá di orin kẹrin, ìlù àti Yemọja dáhùn. Bí ọkọ̀ àwọn Potogí ṣe gúnlẹ̀ sí Bùràsíìlì gan-an ni wọ́n to orin náà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ronú débẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà 2019 ló kú, ọmọ ọdún 47. Ọjọ́ kejì ni Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. A ti ń wọ aṣọ akọrin lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo kọ orin lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mo ní láti dákẹ́ níbi ẹsẹ kejì.

Ará Parakin

Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tá a jọ gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń fi irú orin yìí jí wa ní aago márùn-ún ìdájí, láti ìgbà náà ni kò ti bá mi lára mu. Mo gbọ́ "Carolina IV" lónìí nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Nígbà tí gìtá wọlé, mo pa á.

Onílù Ìlàrẹ́

Àbúrò, ibi tó o ti pa á yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú power metal, ẹsẹ̀ onílù méjèèjì ló ń sáré lórí ìlù ńlá láìsinmi, bí ẹṣin. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, tí wọ́n bá ti gbé e báyẹn, òpin orin ni wọ́n ń bá a dé. Ricardo Confessori, onílù Angra, ò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Holy Land. Á sáré, á tún dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ìlù ọwọ́ ráyè sọ̀rọ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Àyàn ni. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, èmi àtòun dúró sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń lu dúrọ́ọ̀mù. Ó mú omele, mo jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù, a gbé fóònù sáàárín wa. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹsẹ̀ kún gbogbo àlàfo, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Jámánì. Ó dàrú pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Dúró ná. Jẹ́ kí ó bi ọ́ kó o tó dáhùn." Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò, mò ń dá omele lóhùn. Ara orin náà bá balẹ̀. A gbé e tó ìṣẹ́jú méjì kí itan mi tó dì. Ọ̀gá tó ń ti ilẹ̀kùn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò lé wa.

Ọmọ Obòkun, orin náà ni mo fi ń jà o, mi ò fi òrìṣà jà. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìlù yẹn, Helloween ò ṣe é.

Àgbà Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí Abdias do Nascimento wá kọ́ni níbẹ̀, 1976 sí 1977. Ọmọ Bùràsíìlì ni, onítíátà, ayàwòrán, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ rẹ̀. Mi ò sí ní kíláàsì rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹbí wa wà lódìkejì omi. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi gbé Angra wálé, mo jókòó tì í.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ Yemọja yẹn. Lọ́dọ̀ wa níbí, odò Ògùn ni tirẹ̀. Olókun ló ni òkun, Ifẹ̀ sì ní Igbó Olókun títí dòní, níbi tí àwọn baba wa ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa kọjá òkun ni Yemọja di olómi iyọ̀. Ní Salvador, lọ́jọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, wọ́n ń kó òdòdó wọ ọkọ̀ lọ bá a lójú agbami. Ọkọ̀ tó ń la òkun já ni "Carolina IV" dá lé lórí. Ta ni wọn ì bá kọ́kọ́ kí?

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Nígbà èwe mi, àwa náà ní ẹgbẹ́ BLO: Berkley Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu. Chapter One wọn jáde ní 1973, gìtá tó le bí òkúta. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n mọ̀ wọ́n.

Ará Mọ̀ọ́rẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Alto, mo ti padà gbọ́ orin àkọ́kọ́ yẹn. Fífò ni mo máa ń fò ó tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Obòkun, àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú ti ìyá. Mo gbà, ẹni tó la igbó la ó kọ́kọ́ kí. Ṣùgbọ́n gbọ́ Temple of Shadows, ti 2004. Matos, Luis Mariutti àti Confessori ti kúrò láti 2000, wọ́n lọ dá Shaman sílẹ̀. Ẹlòmíì ni ì bá tú ká. Rafael Bittencourt àti Kiko Loureiro, àwọn onígìtá méjèèjì, tún ilé tò, Edu Falaschi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ta ló wá bá wọn kọrin nínú àwo yẹn? Kai Hansen tìrẹ, tó wà lára àwọn tó dá Helloween sílẹ̀. Hansi Kürsch ti Blind Guardian náà wá. Milton Nascimento, àgbà olórin Bùràsíìlì, fi Potogí kọ tirẹ̀. Ẹni tó la ọ̀nà ti wá jókòó lábẹ́ òrùlé wọn, ó ti bá wọn jẹun. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe olórí. Mo ní tí a bá ń ka orúkọ, kí á má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè pé Angra ńkọ́.

Màmá alákàrà ti lọ sinmi. Títí wọ́n fi ṣíwọ́ títà, tí iná bá wà, wọ́n á fi ọwọ́ kan fèrèsé: "Fi ti Yemọja yẹn." Wọ́n máa ń gbọ́ ọ dópin, tìlù tìgìtá.

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Mo gbọ́ Holy Land lóru àná láti òkè délẹ̀, nínú òkùnkùn, torí wọ́n mú iná lọ. Helloween ṣì ni tèmi o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá ìkẹrin padà, bátìrì fóònù mi sì kú lórí ẹ̀kẹta. Ta ló ní Temple of Shadows? Mò ń bọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá mú fíláàṣì dání.