Àgbàlá kọ́ ni àárín àkòdì

Ẹ̀yin ará, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe àlàfo aláìlórùlé tó wà láàárín ilé ààfin ní "àgbàlá". N kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ni àgbàlá máa ń wà. Èyí tí à ń sọ yìí, ilé ló yí i ká. "Àkòdì" tí àwọn mìíràn dárúkọ kò ṣe rẹ́gí, torí odindi ilé ni àkòdì: yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó, òrùlé àti àlàfo náà pọ̀. Bí a bá fi pe àlàfo nìkan, kí la ó wá pe ilé? Ùghà, ìyẹn gbàgede ààfin l'Ọ́wọ̀, náà gbòòrò ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Inú ni òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin da etí kọ. Ìkòkò ni wọ́n ń gbé sí igun, níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, torí ibẹ̀ lomi ti ń pọ̀ jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ihò sì wà lábẹ́ ògiri tómi ń gbà jáde. Bí ihò yìí bá dí, omi á dárogún, ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ á mu ún yó, á rọ̀, òkè tó wúwo á sì tẹ̀ ẹ́ wó. Páànù tún dá kún un: koríko ń jẹ́ kómi rọra kán, páànù ń dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ á máa ta sí ìdí òpó. Ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró, etí rẹ̀ sókè, ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Òjò kì í tètè wa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu ti wà lẹ́nu wa: ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi tó ń kán létí òrùlé. "Ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀" ni mo dábàá. Òótọ́ ni pé gbogbo ilé ló ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "ojú" ló pààlà: bí ojúbọ ṣe jẹ́ ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún ìbọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí jẹ́ ibi tí a kọ́ kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè kán sí.

Ẹ fi gbólóhùn yìí dán an wò: "Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914 kọjú sí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀." Agbẹ́gilére ni Ọlọ́wẹ̀, Ògògà sì ni ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára òpó náà, ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga fíofío ju ọba lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìjókòó. Bí a bá kọ "àgbàlá" síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni òǹkàwé máa gbé òpó yìí lọ.