Ọmọ jẹ mọ́ínmọ́ín, ètè rẹ̀ wú, kò rí èémí mí dáadáa: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo):
Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Táíwò mi. Ọmọ ọdún méje ni òun àti Kẹ́hìndé. Sátidé tó kọjá, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní mọ́ínmọ́ín eléwé, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́. Táíwò ò tíì jẹ tiẹ̀ dé ìdajì tó fi ní ètè ń yún òun. Kí n tó fọwọ́ tán, ètè ti wú, ara rẹ̀ ti lé bí ẹni tí èsìsì jó. Ó bì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ohùn rẹ̀ há. Bó ṣe ń mí, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì.

Ìyá ọkọ mi ní kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n ní ẹnìkan ló fún un ní nǹkan jẹ. Òmíràn ní mílíìkì ni. Òmíràn sáré mú Piriton wá. Ọkọ̀ aládùúgbò wa la fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe rí i báyìí, abẹ́rẹ́ ló gún un sí itan, kò sì pẹ́ tó fi ń mí gidi. Wọ́n dá wa dúró di ọjọ́ kejì. Dókítà ní edé ni, pé ara rẹ̀ kò gba edé. Bẹ́ẹ̀ ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ o! Ẹ̀ẹ̀kan rí ni ẹnu yún un nígbà tó jẹ ẹ̀fọ́ rírò, ó mu omi, ó tán.

Ìbéèrè mi rèé: báwo ni mo ṣe máa dá èyí tó le mọ̀? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ìyá ọkọ mi ò sì gbà pé oúnjẹ lásán lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wá ohun tí mo lè wí fún wọn tí kò ní jọ àrífín.

Bàbá Kékeré (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ má dá Màmá lẹ́bi. Epo pupa la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Nígbà tí à ń dàgbà, ta ló gbọ́ áléjì rí?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì (Ìbàdàn):
Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi. Nígbà yẹn náà ó ń pa èèyàn, a kàn ń sọ pé wọ́n fún un jẹ ni.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá Màmá sọ ti wà nílé yín. Kẹ́hìndé jẹ nínú ìkòkò kan náà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ májèlé, ṣé á mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀? Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n á gbọ́.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀: tó bá jẹ́ pé ara kàn yún un, ó lé díẹ̀, tàbí ètè wú díẹ̀, tí èémí rẹ̀ já gaara, ẹ lè fún un ní Piriton, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ má jẹ́ kó lọ dá sùn ní yàrá. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá há, bí ahọ́n bá wú, bí kò bá lè gbé itọ́ mì, bí àyà bá ń dún tàbí ikọ́ ò dáwọ́ dúró, bó bá rẹ̀ ẹ́ lójijì tí ojú ń ṣú u, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó, ilé ìwòsàn ni. Ara lílé tòun ti èébì léraléra lẹ́yìn oúnjẹ tó ti bá a jà rí, ilé ìwòsàn náà ni. Ẹ má sì retí pé ara gbọ́dọ̀ lé kó tó jẹ́ òun: àwọn kan wà tí awọ ara wọn ò ní fi nǹkan kan hàn, ọ̀fun ló máa ń dí.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un yẹn, adrenaline ni. Òun ló ń ṣí ọ̀nà èémí, òun ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ dìde. Ẹ̀gbẹ́ itan lápá òde ni wọ́n ń gún un sí, wọ́n sì lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 bí kò bá rọlẹ̀. Piriton ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, awọ ara tó ń yún ló mọ̀. Epo pupa ńkọ́? Ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ ń dí, tí ẹ wá ń rọ epo sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ.

Kí ẹ tó rí ọkọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ èémí ló ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kó jókòó, kó na ẹsẹ̀. Bó bá dákú tàbí tó ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lóòró bí ẹ bá rí ọkọ̀ míì: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe dìde yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham, London):
Ẹ̀pà ni ti ọmọbìnrin tèmi. Níbí, péènì adrenaline méjì (abẹ́rẹ́ tó rí bíi gègé, tí oògùn ti wà nínú rẹ̀) ni wọ́n ní kó máa wà nínú àpò rẹ̀ níbi gbogbo, torí ọ̀kan lè má tó. EpiPen ló ń lò. Ẹ fa ìdérí búlúù yọ, ẹ kọ orí tó láwọ̀ ọsàn sí itan, ẹ tì í mọ́ itan gbọingbọin títí á fi dún kẹ́, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Kò sí pé à ń bọ́ ṣòkòtò, ó ń gba inú aṣọ wọlé. Lẹ́yìn náà la máa ń pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ti ibí, tí a sì ń sọ fún wọn pé "anaphylaxis" ni, ìyẹn áléjì tó le tó lè pa èèyàn. Bí ọmọ bá tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, a ṣì ń lọ.

Lọ́dún 2016, ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Natasha Ednan-Laperouse kú nítorí búrẹ́dì tí yànmọ̀tí wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, tí wọn ò kọ ọ́ sára rẹ̀. Ìyẹn ló bí òfin tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2021, pé kí wọ́n kọ gbogbo èròjà sára oúnjẹ tí wọ́n bá dì sílẹ̀ fún títà. Ṣùgbọ́n kúlà ìrẹsì òde àríyá wa ní Old Kent Road ò ní lébẹ́ẹ̀lì o! Mo máa ń dáná ti ọmọ mi lọ ni.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Péènì yẹn, ibo la ti ń rí i ní Nàìjíríà?

Apoògùn (Abẹ́òkúta):
Ká má purọ́, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ọ́, kí ẹ lọ rà á ní kẹ́míìsì tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú, ẹ wo ojú fèrèsé rẹ̀: omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere, tó bá ti pọ́n, ẹ dá a padà. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Bí ẹ ò bá rí i, ẹ lọ bá dókítà jókòó kí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè tọ́jú sílé. Ìgò kékeré ti adrenaline tí ilé ìwòsàn ń lò, 1 mg ni nínú 1 ml, ọmọdé kì í gba gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń ṣírò. Ẹni tí wọn ò kọ́ kó má dán an wò. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín lónìí ni pé kí ẹ wá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ bi wọ́n lójúkorojú: ṣé adrenaline wà níbí lóru? Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Àwọn ará Èkó tún ní 767.

Alásè (Ìkòròdú):
Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń tà á sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi alásè pé "ṣé edé wà níbẹ̀?", ó lè ní rárá, kò sì purọ́ lójú ara rẹ̀. Odindi edé tí ojú rí ló rò pé ẹ ń béèrè. Lílọ̀ tí ó dà sí i bí iyọ̀, kò kà á mọ́ edé. Ẹ béèrè pé: "kí lẹ lọ̀ sí i?" Ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, ilá, àsáró, ìkọ́kọrẹ́, ibẹ̀ ló ń sá sí. Ẹ̀rọ tí a fi lọ edé la fi ń lọ ata, ìgbákọ kan náà la fi ń ro gbogbo ọbẹ̀, òróró tí a fi dín edé la tún fi ń dín dòdò. Bí ẹ bá sọ fún mi ṣáájú, màá bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kí edé tó wọ ìkòkò. Lẹ́yìn tó ti wọ̀ ọ́, kò sí bí mo ṣe lè ṣà á jáde.

Ìyá Ọlọ́jà (Ìlọrin):
Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ ni, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n jẹ.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Ìyá Ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́ o! Àwọn dókítà áléjì kan ń ṣe irú rẹ̀ fún oúnjẹ mìíràn, nílé ìwòsàn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má dán an wò ní yàrá ìdáná. Ti pé díẹ̀ ló ṣe é tẹ́lẹ̀ kò sọ pé díẹ̀ ni yóò tún ṣe é.

Ìyá Ìbejì, ìdí tí wọ́n fi dá yín dúró di ọjọ́ kejì ni pé ó lè rọlẹ̀ kó tún padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, láìjẹ́ pé ó tún jẹ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró nígbà míì, ẹ má ṣe tètè fa ọmọ lọ sílé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fún tíṣà rẹ̀: ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, àwọn àmì, nọ́ńbà yín, ilé ìwòsàn.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti bá Màmá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ Kẹ́hìndé, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní kí n béèrè: ṣé ẹja náà ti di èèwọ̀ fún un ni, àbí edé nìkan? Akàn ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì:
Ẹ bá mi kí Màmá, ìbéèrè gidi ni wọ́n béèrè. Akàn àti edé, ọ̀kan náà ni lójú ara ọmọ yẹn, kó yẹra fún méjèèjì. Ẹja yàtọ̀. Bó bá ti ń jẹ ẹja láìsí wàhálà, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ẹja gbígbẹ lórí àtẹ tí wọ́n pàtẹ edé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ìyẹ̀fun edé máa ń wà lára rẹ̀.